Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọgbà lẹ́yìnkùlé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, báwo lẹ ṣe ń fa labalábá àti oyin wọlé?

Ìyá Ìbejì Mọ̀lípa, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìnkùlé wa tó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn, ogún ní fífẹ̀, ibẹ̀ nìkan la ò da sìmẹ́ǹtì sí, iwájú ilé dé ẹ̀gbẹ́ ti di ìntalọ́ọ̀kì pátá. Mo gbin elégédé, kùkúḿbà, ilá, ẹ̀wà díẹ̀ àti ùgwù síbẹ̀ nígbà tójò mú ilẹ̀. Elégédé yọ òdòdó rẹpẹtẹ, ọmọ ẹ̀ á yọ, á tó ìka ọwọ́, á wá máa pọ́n, á já bọ́. Kùkúḿbà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ kan tí mo fi hàn ní oyin ni ò sí tó máa bá wọn gbé lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó kiri. Mo jókòó tì í láàárọ̀ láti wò ó, lóòótọ́ ni, oyin kankan ò dé ibẹ̀, labalábá gan-an ò fò kọjá.

Èyí tó tún dùn mí ni pé àwọn ìbejì mi, inú ìwé ni wọ́n ti mọ labalábá, bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ojoojúmọ́ là ń lé e kiri. Mo fẹ́ gbin nǹkan tó máa fa labalábá àti àwọn kòkòrò tó ń ṣe ọgbà lóore wá. Àmọ́ màmá ọkọ mi ní igbó ni mo fẹ́ dá sílé, pé ejò ni mo fẹ́ fi pè. Ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri wa náà ń fín òògùn kòkòrò ṣáá. Kí ni kí n gbìn? Kí ni kí n yẹra fún? Ẹni tó bá ti ṣe é rí ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ o.

Rẹ́mọ Gidi, Ṣágámù

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Èyí ò le rárá jàre. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta fláwà lẹ́bàá títì, ẹ ra Ixora pupa mẹ́rin márùn-ún àti Pride of Barbados, ẹ gbìn wọ́n síbi tí oòrùn ti ń ta dáadáa, labalábá á wá fúnra ẹ̀. Ohun tá a ṣe nílé wa nìyẹn. Carpet grass ni kẹ́ ẹ fi tẹ́ ìyókù, ibẹ̀ á mọ́ tónítóní, ọkàn màmá náà á balẹ̀.

Bàbá Oko Ìperu

Ọ̀rọ̀ Rẹ́mọ Gidi dáa níbi tó mọ, Ixora ń ṣiṣẹ́, Pride of Barbados náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ oúnjẹ àgbà nìkan ló ń sọ. Labalábá tó wá mu omi dídùn inú òdòdó, àlejò ni, tó bá mu tán á bá tiẹ̀ lọ. Ewé tí ọmọ ẹ̀ máa jẹ ló ń wá kiri, orí ewé yẹn ló máa yé ẹyin sí, kì í sì í ṣe ewékéwèé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ò lè jẹ kọjá irú ewé kan sí mélòó kan. Tí ewé yẹn ò bá sí lọ́gbà yín, Ixora igba ò lè sọ ibẹ̀ di ilé fún un.

Ẹ jẹ́ n dárúkọ èyí tí mo mọ̀ dájú nílẹ̀ wa níbí. Ọsàn ni àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ ọsàn mímu, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí tanjaríìnì. Labalábá dúdú ńlá tó ní tótòtó yẹ́lò káàkiri apá, orí ewé ọsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú ló ń yé ẹyin sí, ẹyọ kan níbí, ẹyọ kan lọ́hùn-ún, roboto, àwọ̀ yẹ́lò tó ṣì. Tí ọmọ bá jáde ẹ ò ní mọ̀ pé kòkòrò ni torí dúdú òun funfun ni, imí ẹyẹ tó kán sórí ewé lẹ máa pè é, ẹyẹ gan-an á wò ó á fò ó dá. Tó bá dàgbà díẹ̀ sí i á bọ́ awọ yẹn sílẹ̀ á di àwọ̀ ewé. Ẹ fi igi kékeré tọ́ ọ, ìwo méjì àwọ̀ ọsàn máa yọ lójijì lẹ́yìn orí ẹ̀, òórùn kan tó mú nímú á jáde, ohun tó fi ń lé èèrà àti ọ̀tá nìyẹn, kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Ẹ pe àwọn ìbejì kí wọ́n wá wò ó.

Àsùnwọ̀n àti rérè, àwọn ni labalábá funfun tó fẹ́ẹ́ jọ yẹ́lò, èyí tó máa ń fò tete tí kì í fẹ́ bà, ń wá. Pápásan àti lobiri tó ń hù lábẹ́ ògiri tẹ́ ẹ máa ń tu dànù, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, oúnjẹ ọmọ labalábá ni. Ewédú náà ní tiẹ̀, labalábá pupa rúsúrúsú kékeré ló ń yé ẹyin sí i, ọmọ ẹ̀ dúdú, ẹ̀gún wà lára ẹ̀. Bòmubòmu sì ni labalábá àwọ̀ ọsàn tó ní etí apá dúdú ń fẹ́.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó jẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀n lewéko ń dára mọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ labalábá, ẹ gbọ́dọ̀ fara mọ́ ewé tó lu. Ọgbà tí ihò kan ò sí lára ewé ẹ̀, kò sí ẹ̀mí níbẹ̀.

Adéọlá Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ Bàbá Oko, ẹ má bínú sí mi o sà, ṣùgbọ́n ẹ ò bá ti sọ ti oje bòmubòmu kún un. Oje funfun yẹn tó bá ta sójú èèyàn, ọ̀rọ̀ ọsibítù ni, ojú á pọ́n, á wú, ó tiẹ̀ lè má ríran dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn Fúlàní fi ń dì wàrà ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń mú un. Nílé tí ìbejì ti ń sáré kiri èmi ò ní gbìn ín.

Ọ̀rọ̀ ọsàn náà, ó yẹ kẹ́ ẹ pín in sí méjì. Igi ọsàn tó ti dàgbà, ọmọ labalábá ogún ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Àmọ́ èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tí kò tíì tó orúnkún, mẹ́ta mẹ́rin péré á jẹ ẹ́ kù ọ̀pá. Tí kékeré bá lẹ ní, ẹ máa yẹ ewé ẹ̀ wò, ẹ kó wọn kúrò lórí ẹ̀ lọ sórí èyí tó tóbi, tàbí kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó títí á fi lágbára.

Bàbá Oko Ìperu

Adéọlá ọmọ mi, òótọ́ lo sọ. Ìyá Ìbejì, tí ẹ bá máa gbin bòmubòmu rárá, ẹ̀yìn ògiri lóde ni kó wà, àgbà ni kó máa gé e, kó sì fọ ọwọ́. Àsùnwọ̀n àti ọsàn ti tó bẹ̀rẹ̀. Nǹkan tó jẹ́ kí n fẹ́ràn igi yẹn ni pé oje yẹn náà ni labalábá ọ̀hún fi ń gba ara ẹ̀ là. Ọmọ ẹ̀ á jẹ ewé yẹn, májèlé inú ewé á wà lára ẹ̀ títí á fi di labalábá, ẹyẹ tó bá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan kò ní tọ́ ọ wò mọ́. Labalábá mìíràn wà tó jẹ́ pé pápásan lọmọ tiẹ̀ ń jẹ, kò ní májèlé kankan lára, ṣùgbọ́n abo ẹ̀ mú àwọ̀ ti olóró yẹn gẹ́lẹ́, àwọ̀ ọsàn, etí dúdú, ẹyẹ ò sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Akọ ẹ̀ ní tiẹ̀ dúdú ni, tótòtó funfun ńlá ló wà lápá ẹ̀, èèyàn á rò pé wọn ò bára tan rárá. Tẹ́ ẹ bá fi pápásan sílẹ̀, ẹ lè rí méjèèjì.

Olóyin Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ elégédé ná kí labalábá tó gbà á lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Labalábá kọ́ ló ń mú elégédé so, oyin ni. Lára elégédé àti kùkúḿbà, akọ òdòdó wà, abo òdòdó wà. Akọ ló máa ń kọ́kọ́ yọ, igi ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, abo ni èyí tó ti ní ọmọ kékeré nídìí kó tó là. Tí lẹ́búlẹ́bú akọ ò bá dé inú abo, ọmọ yẹn á pọ́n á já, ohun tẹ́ ẹ ń rí gan-an nìyẹn. Òdòdó elégédé sì rèé, kùtù hàì ló ń là, kí oòrùn tó kàn tàrí ó ti pa dé, kò sì tún là mọ́. Torí náà wákàtí díẹ̀ ni oyin ní. Tí ẹni ẹ̀yìn ògiri bá ń fín òògùn ní aago méje àárọ̀, àkókò tí oyin ń ṣiṣẹ́ gan-an ló ń fín in sí wọn lórí.

Kí oyin tó dé, ẹ fọwọ́ ṣe é. Kẹ́ ẹ jí ní kùtù, ẹ já akọ òdòdó tó ti là, ẹ ya ewé òdòdó ẹ̀ kúrò, ẹ fi àárín ẹ̀ pa inú abo, akọ kan lè ṣe abo méjì mẹ́ta. Ẹ máa rí i tí ọmọ máa dúró.

Ùgwù ò sí nínú èyí o, tiẹ̀ yàtọ̀. Akọ dá dúró lórí igi tiẹ̀, abo dá dúró lórí igi tiẹ̀. Tó bá jẹ́ akọ nìkan lẹ ní, oyin gbogbo Ìjẹ̀bú bá wá kò ní so, ewé ẹ̀ lẹ máa máa já jẹ.

Láti fa oyin wá, ẹ fi ẹfinrin sílẹ̀ kó yọ òdòdó. Gbogbo wa la máa ń já a kó tó yọ, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan tí oyin fẹ́ràn tó òdòdó ẹfinrin, kòkòrò bí ọgọ́rùn-ún lè máa hó lórí ẹ̀. Ẹ gbìn ín méjì, ẹ máa já ọ̀kan fún ọbẹ̀, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀. Ewúro bẹ́ẹ̀ náà, tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí ẹ̀ka kan ga, ìgbà ọyẹ́ ló máa ń yọ òdòdó funfun, ìgbà tí oúnjẹ wọ́n fún wọn. Mọ̀ríńgà náà dáa.

Ẹ má gbé àpótí oyin wá sí ilé kékeré o, oyin tiwa níbí máa ń jà tí nǹkan bá sún mọ́ ilé ẹ̀. Oyin tó wá jẹun lórí òdòdó kò ní ta yín àyàfi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tàbí tẹ́ ẹ fọwọ́ pa á. Oyin mìíràn wà tí kì í gbé ọ̀pọ̀, tí kálukú ń dá ilé ẹ̀ ṣe, inú ilẹ̀ gbígbẹ tí kò ní koríko ni àwọn kan ń gbẹ́ ihò sí, inú pòpórò àti ọparun ni àwọn kan ń wọ̀. Ẹ fi ilẹ̀ tó tó ẹní kan sílẹ̀ láìgbin nǹkan kan, láìtẹ́ carpet grass sí i, ẹ di ọparun gígé bíi mẹ́wàá pọ̀, ẹ so ó sábẹ́ páànù níbi tójò ò ti ní pa á. Rẹ́mọ Gidi, ìdí tí mi ò fi bá yín fọwọ́ sí carpet grass nìyẹn, kò sí òdòdó tó ní omi dídùn lórí ẹ̀, kò sì ní fi àyè sílẹ̀ fún wọn.

Ìyá Ìbejì Mọ̀lípa, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣeun o, Olúwa á bù sí i fún yín. Mo ti ń fi òdòdó pa òdòdó láàárọ̀, ìbejì ló ń bá mi wá akọ. Ìbéèrè kan tún kù. Tí mo bá dẹ̀yìn lẹ́yìn òògùn pátápátá, kí ni kí n ṣe sí kòkòrò wínníwínní tó ń fò lórí ilá mi, tó sọ ewé ẹ̀ di asẹ́? Ẹ̀wà mi náà, nǹkan dúdú kéékèèké ti bo orí ẹ̀ níbi tó ti ń rú, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, èèrà sì ń gun òkè gun ilẹ̀ lára ẹ̀.

Màmá Tíṣà Ìlíṣàn

Ìyá Ìbejì, ìbéèrè yìí ló ṣe kókó jù lọ níbí. Bíólógì ni mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìntì, ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn gaàrí bẹ̀rẹ̀ torí ìtàn ilé wa ni. Ní 1973 ni wọ́n kọ́kọ́ rí kòkòrò kan lára ẹ̀gẹ́ lápá Kóńgò, ara ẹ̀ funfun, ìyẹ̀fun ló bò ó, orí ẹ̀gẹ́ tó bá bà lé á ká kò, kò ní dàgbà mọ́. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, kò ní ọ̀tá kankan nílẹ̀ Áfíríkà, ó sì jẹ ẹ̀gẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Òògùn ò ràn án. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, ló gbé e ka iwájú, Hans Herren tó jẹ́ ọmọ Switzerland ló ṣáájú iṣẹ́ náà, wọ́n lọ wá ọ̀tá ẹ̀ nílẹ̀ tó ti wá, wọ́n rí agbọ́n kan ní Paraguay tí kò gùn tó hóró ìrẹsì rárá, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1981. Agbọ́n yẹn á ki ẹyin bọ inú ara kòkòrò funfun, ọmọ ẹ̀ á sì jẹ ẹ́ tán láti inú wá. Bó ṣe gba ilẹ̀ Áfíríkà nìyẹn tí ẹ̀gẹ́ fi bọ́. Wọ́n fún Herren ní World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ní 1995. Gaàrí Ìjẹ̀bú tá à ń fi ẹ̀pà mu lónìí, ọwọ́ agbọ́n kékeré wà níbẹ̀.

Nǹkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé irú agbọ́n wínníwínní bẹ́ẹ̀ pọ̀ lóríṣiríṣi nínú ọgbà wa fúnra wa, wọn kì í ta èèyàn, àgbà wọn sì ń mu omi òdòdó. Ẹnu wọn kúrú, òdòdó wẹ́wẹ́ ni wọ́n lè mu, irú ti ẹfinrin, imí eṣú àti ìgbálódé. Ẹni tó bá tu gbogbo imí eṣú dànù lọ́gbà, oúnjẹ àwọn ọmọ ogun ẹ̀ ló tu dànù.

Nǹkan dúdú orí ẹ̀wà yẹn, omi ara ẹ̀wà ló ń mu, ohun dídùn tó ń yàgbẹ́ jáde ni èèrà ń wá, èèrà yẹn ló ń ṣọ́ ọ kí ọ̀tá má bà á jẹ ẹ́. Ẹ gé orí tó pọ̀ lára ẹ̀ jù sọnù, ẹ fi omi ọṣẹ tó ṣàn wẹ ìyókù nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ wá dúró díẹ̀. Kòkòrò roboto pupa tó ní tótòtó dúdú lẹ́yìn máa dé, òun àti ọmọ ẹ̀ ló ń jẹ nǹkan yẹn. Ọmọ ẹ̀ ò jọ ọ́ rárá o! Ó gùn, ó dúdú, ó ń rìn kánmọ́kánmọ́, ara ẹ̀ rí págunpàgun, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pa á torí wọ́n rò pé òun ló ń jẹ ẹ̀wà. Ẹ fi sílẹ̀.

Ti ilá, ẹ bu eérú gbígbẹ tí kò gbóná mọ́ sí ewé ẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà lórí ẹ̀, ẹ má bù ú sí inú òdòdó. Ilá tó ti ga lè fara da ihò, á so. Èyí tí ewé ẹ̀ bá wá ń ní àbàwọ́n yẹ́lò gàràgàrà, ẹ tu ú, àìsàn ni kòkòrò yẹn ti kó ràn án.

Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé sára ògiri, ẹ má gbá a lulẹ̀. Kòkòrò ajẹwé tàbí aláǹtakùn ló ń kó sínú ilé yẹn fún ọmọ ẹ̀ jẹ, kì í wá ìjà èèyàn.

Alhaja Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Òkè-Àjẹ

Ẹ̀yin tíṣà àti ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ ńkọ́? Bí ewé ewédú bá ti lu, ẹni tó fẹ́ rà á ní Òkè-Àjẹ á kàn gbé e wò, á gbé e sílẹ̀, á bọ́ sí ìsọ̀ kejì. Mi ò lè sọ fún un pé ọmọ labalábá ló jẹ ẹ́. Èmi ò fara mọ́ ọn pé kéèyàn kó ẹ̀fọ́ òun òdòdó papọ̀. Bẹ́ẹ̀dì títà ní tiẹ̀, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, ewédú àti tẹ̀tẹ̀ kò ṣe dandan kí oyin dé ibẹ̀ torí ewé ẹ̀ la fẹ́. Bẹ́ẹ̀dì labalábá náà ní tiẹ̀, kẹ́ ẹ gbin ewédú díẹ̀ síbẹ̀ fún wọn bí ẹ bá fẹ́. Omi dóńgóyárò ni mò ń lò sí tèmi, kì í ṣe òtapíapíá.

Màmá Tíṣà Ìlíṣàn

Alhaja, ẹ ti là mí lójú, nẹ́ẹ̀tì lórí ẹ̀fọ́ ewé dáa gan-an. Ẹ kàn rántí pé nẹ́ẹ̀tì ò gbọ́dọ̀ wà lórí elégédé àti kùkúḿbà nígbà tí wọ́n bá ń yọ òdòdó. Dóńgóyárò náà, ẹ má fín in dé orí ọsàn àti àsùnwọ̀n, torí ọmọ labalábá tó bá jẹ ewé tí dóńgóyárò wà lára ẹ̀ kò ní dàgbà. Kì í yan ọ̀tá láàrin ajẹwé.

Rẹ́mọ Gidi, Ṣágámù

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ carpet grass, mo gbà. Kí ló dé tí ẹnì kan ò dárúkọ ewé Akíntọ́lá? Lóṣù kejìlá sí oṣù kìíní, gbogbo ìgbà tí ọyẹ́ bá ti gbẹ nǹkan, òun ló máa ń kún fún òdòdó, labalábá á bò ó. Ẹ fi igi kan sílẹ̀ nígun ọgbà, ọ̀fẹ́ ni.

Bàbá Oko Ìperu

Rárá o, ẹ má ṣe é. Mo mọ̀ pé labalábá ń bà á, ṣùgbọ́n tata tó ní yẹ́lò àti dúdú lára, èyí tó ń rùn, kò sí nǹkan tó fẹ́ràn tó òdòdó ewé Akíntọ́lá. Òórùn òdòdó yẹn ló ń fà á láti ọ̀nà jíjìn, ohun tó sì ń jẹ níbẹ̀ ló ń gbé sínú ẹyin ẹ̀ kí ọ̀tá má bà á jẹ ẹyin náà. Lẹ́yìn tó bá jẹ ẹ́ tán, ẹ̀gẹ́ yín ló kàn, ewé ọsàn ló kàn. Tí tata bá pọ̀ lágbègbè yín, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń pé jọ sábẹ́ ibòji láàrin oṣù kẹta sí ìkẹrin, ibẹ̀ ni wọ́n ń rì ẹyin sí nínú ilẹ̀, ẹ fi ọkọ́ hú u síta kí oòrùn pa á. Èyí ju òògùn lọ. Ewé Akíntọ́lá náà kì í dúró lójú kan, èso ẹ̀ á fẹ́ lọ sílé gbogbo èèyàn.

Tó bá jẹ́ òdòdó ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lẹ ń wá, ewúro tí Olóyin sọ ti tó. Jogbo náà wà, èyí tó ní òdòdó yẹ́lò ńlá tó ń bo ẹ̀gbẹ́ títì láti bí oṣù kẹwàá, labalábá àti oyin kì í kúrò lórí ẹ̀, àmọ́ ẹ gé e lulẹ̀ bí òdòdó ẹ̀ bá ti ń gbẹ, kó tó gbọn èso. Ewé ẹ̀ tẹ́ ẹ bá gé, ẹ dà á sí ìdí elégédé, ajílẹ̀ gidi ni. Ẹ̀wọ̀n adélé tí wọ́n ń tà lọ́gbà fláwà, labalábá fẹ́ràn ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n májèlé ni ewé ẹ̀ fún ewúrẹ́, èso rẹ̀ tí kò tíì pọ́n sì léwu fún ọmọdé.

Ọmọ Ìṣarà

Mo kí gbogbo ilé. Ẹni tó bá ti wọ Omo Forest Reserve lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú East rí, á mọ̀ pé àwọn labalábá tó lẹ́wà jù níbẹ̀ kì í bà lórí òdòdó. Igbó yẹn ti wà lábẹ́ àbójútó ìjọba láti 1925, UNESCO sì kà á mọ́ igbó pàtàkì àgbáyé ní 1977. Àwọn ńlá tí apá wọn le tí wọ́n ń fò fìrì, èso jíjẹrà, ẹmu tó dà sílẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni wọ́n ń wá. Ẹ kó mángòrò jíjẹrà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ jọ sídìí igi, wọ́n á wá.

Ẹ tún da omi sí ojú kan kí ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn akọ labalábá máa ń kó jọ sórí ẹrẹ̀, iyọ̀ inú ilẹ̀ ni wọ́n ń mu.

Adéọlá Ìkẹ́nnẹ́

Ọmọ Ìṣarà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dáa, mángòrò kọ́ o. Mángòrò tó já bọ́, ó ṣeé ṣe kí ìdin eṣinṣin èso wà nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, ìdin á wọ ilẹ̀, á di eṣinṣin, á padà wá ba èyí tó wà lókè jẹ́. Mángòrò àti gúáfà tó já bọ́, inú ọ̀rá dúdú ni kẹ́ ẹ dì í sí kí oòrùn sè é. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ ni kẹ́ ẹ gé sínú abọ́, ẹ gbé e kọ́ sórí igi, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kó tó yọ ìdin.

Omi náà, ẹrẹ̀ ni kó jẹ́ lóòótọ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ omi tó dúró sójú kan torí ẹ̀fọn. Tẹ́ ẹ bá gbé abọ́ omi kalẹ̀ fún oyin, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí wọ́n má rì, ẹ dà á nù ní ọjọ́ méjì méjì.

Àǹtí Fláwà, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ jẹ́ n bá màmá ọkọ Ìyá Ìbejì sọ̀rọ̀ díẹ̀, torí iṣẹ́ ọgbà ni mò ń ṣe jẹun. Màmá, ẹ ò jẹ̀bi. Ejò ń tẹ̀ lé eku àti ọ̀pọ̀lọ́, eku sì ń tẹ̀ lé pàǹtí àti igbó tó fara ti ògiri ilé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà wà láàrin ògiri ilé àti ohun tẹ́ ẹ gbìn, kí ibẹ̀ mọ́, ibẹ̀ náà ni oyin tó ń gbẹ́ ilẹ̀ máa lò. Ẹ má kó bulọ́ọ̀kù àti igi jọ síbẹ̀. Ohun tó ga, bí àsùnwọ̀n àti Pride of Barbados, ìdí ògiri ẹ̀yìn ni, ó máa bá yín dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ torí labalábá ò lè jẹun nínú afẹ́fẹ́ líle. Ixora, ẹfinrin àti zinnia ló tẹ̀ lé e, kéékèèké ló wà níwájú. Ẹ to ìlà yìí dáadáa, kẹ́ ẹ fi búríkì tàbí òkúta pààlà ẹ̀, ẹni tó bá wọlé á rí i pé ọgbà ni, kì í ṣe igbó.

Èso Pride of Barbados, ara ẹ̀ le, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná mọ́jú kẹ́ ẹ tó gbìn ín. Zinnia, èyí tí ewé òdòdó ẹ̀ jẹ́ ìpele kan péré ni kẹ́ ẹ gbìn, èyí tí àárín ẹ̀ hàn síta, kì í ṣe èyí tó dì bí bọ́ọ̀lù, torí nínú èyí tó dì, kòkòrò ò ní rí ọ̀nà dé ibi omi dídùn wà. Tẹ́ ẹ bá ra fláwà lọ́jà, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fín òògùn sí i.

Ti ẹni ẹ̀yìn ògiri, ẹ lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ìgbà tó ń fín in lọ́wọ́. Ẹ mú elégédé tẹ́ ẹ fọwọ́ mú so dání. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé tí yóò bá fín rárá, kó jẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, tí oyin ti padà sílé, kó má sì fín in sórí ohun tó ń yọ òdòdó. Tó bá jẹ́ òògùn ẹ̀fọn inú ike kékeré ló ń dà sórí ẹ̀fọ́, ẹ sọ fún un pé májèlé ni, èèyàn ló máa jẹ ẹ̀fọ́ yẹn, NAFDAC sì ti fòfin de títa ike 100ml dichlorvos yẹn láti 2019.

Olóyin Ìjẹ̀bú-Igbó

Àǹtí Fláwà ti parí ẹ̀ lórí ìlà. Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un fún ẹni tó bá ní kòkó lẹ́yìnkùlé, torí wọ́n pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Oyin kọ́ ló ń mú kòkó so, kòkòrò fífò kan tó kéré ju ẹ̀fọn lọ ni, inú ohun tó ń jẹrà lábẹ́ kòkó ló ń yé ẹyin sí. Ẹ gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ ẹ ti kórè sí wẹ́wẹ́, ẹ tò ó sídìí kòkó kó jẹrà níbẹ̀. Ẹni tó ń gbá abẹ́ kòkó mọ́ bí ojúlé, òun ló ń lé kòkòrò yẹn lọ.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ àsìkò nìyí. Tójò bá dá díẹ̀ lóṣù kẹjọ, ẹ fi tún ilẹ̀ ṣe, ẹ wá àsùnwọ̀n àti ẹ̀ka Ixora. Tó bá tún bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù yẹn, ẹ gbin gbogbo ẹ̀ pátá kí gbòǹgbò lè wọlẹ̀ kí oṣù kọkànlá tó gbẹ ẹ́. Èyí tẹ́ ẹ bá gbìn lẹ́yìn oṣù kẹwàá, ẹ̀yin lẹ máa máa pọnmi sí i títí di oṣù kẹta. Tí ẹ ò bá rí èso ẹfinrin, ẹ fi inbox ránṣẹ́ sí mi, èyí tó gbẹ wà lọ́wọ́ mi, mo lè fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde.